Ọmọ Ìrìnsẹ̀ Kò Wá Ohun Ìṣeré, Iṣẹ́ Ló Ń Wá

Tí ọmọ bá ti mu ògì tán, tí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ti wọṣọ fún un, tí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀: kí la fẹ́ fi ọmọ yìí ṣe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú? Ọmọ ìrìnsẹ̀ ni mo ń wí, èyí tó ti kúrò lọ́mọ ọwọ́ tí kò sì tíì tó ilé-ìwé lọ, láti bí ọmọ ọdún kan sí ọmọ ọdún mẹ́ta. Kì í jókòó. Ohun tí a bá gbé kúrò níwájú rẹ̀ gan-an ni yóò máa wá kiri. Wọ́n ra mọ́tò ìṣeré fún un, ó yí táyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sọ ọ́ sábẹ́ àga, ó sì kọrí sí ilé ìdáná láti lọ ṣí ìkòkò wò. Nínú ilé tí kò bá sí ẹlòmíràn níbẹ̀, kí aago mẹ́wàá tó lù, fóònù ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, ìbéèrè yẹn la bi sódì. Àwa ń wá ohun tí a ó fi dá ọmọ lára yá. Ọmọ ń wá ohun tí òun náà yóò ṣe nínú ohun tí à ń ṣe. Ìgbálẹ̀ tó ń fà gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, omi ìfọbọ́ tó ń ki ọwọ́ bọ̀, ẹ̀fọ́ tó ń tú sílẹ̀ kiri, a kà wọ́n sí ìdíwọ́, a sì ń lé e kúrò nídìí wọn pé kó lọ ṣeré. Bẹ́ẹ̀ ìdí eré gan-an la lé e kúrò yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò bí ọjọ́ náà ṣe gùn tó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ní kí ọmọ ọdún kan sí méjì máa sùn fún wákàtí 11 sí 14, tòru tọ̀sán. Wákàtí 10 sí 13 ló kù tí ojú rẹ̀ fi là sílẹ̀ kedere. Nínú rẹ̀, wọ́n fẹ́ kó lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 180 ó kéré tán, ìyẹn wákàtí mẹ́ta: kó rìn, kó gun nǹkan, kó fa nǹkan, kó gbé nǹkan láti ibì kan dé ibòmíràn. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ káàkiri ọjọ́ ni. Wọ́n tún ní kí a má ṣe dè é mọ́ ojú kan ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan, yálà nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ, lórí àga ìjẹun, tàbí lẹ́yìn ẹni tó pọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yìí lè bí ọ̀pọ̀ ìyá nínú, torí ta ló fẹ́ gbọ́ pé Àjọ kan ń ka wákàtí sí ẹ̀yìn òun? Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ká má pọn ọmọ mọ́. Ọmọ tí oorun ń kùn, ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, ọmọ tí a ń gbé sọdá títì, ẹ̀yìn ni àyè rẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ là, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó nílẹ̀, tí a wá fi ọ̀já gbà mọ́ra láti àárọ̀ kí a lè ráyè ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn ti di àhámọ́ fún un.

Ìbéèrè ohun tí a ó fi ọmọ ṣe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú yìí kò tilẹ̀ tíì pẹ́ láyé. Nínú agbo ilé, kò sí ẹni tó ń jókòó ro ohun tí yóò fi dí ọmọ ọdún méjì lọ́wọ́. Àwọn àgbà ń yan gàrí, wọ́n ń ṣẹ́ igi, wọ́n ń rẹ aṣọ láró, ọmọ ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Bó bá sú ìyá, ìyá àgbà ń bẹ. Bó bá sú ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n ọmọ ọdún méje ń bẹ tí yóò gbé e kọ́ ìbàdí. Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan: nígbà tí Beatrice Whiting àti John Whiting tẹ ìwé wọn lórí àwọn ọmọ ilẹ̀ mẹ́fà jáde ní 1975, abúlé kan tó ń jẹ́ Nyansongo ní Kenya wà lára rẹ̀, níbi tó jẹ́ pé àwọn ọmọ kéékèèké ló ń tọ́jú àbúrò wọn tí ìyá bá wà lóko. Lónìí, yàrá méjì àti pálọ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, géètì tí wọ́n tì pa, ìyá kan, ọmọ kan. Igba ojú ti di méjì, oorun sì ń kun méjèèjì. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé nítorí àrùn kòrónà, tí àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ sì wà ní títì pa, ọ̀pọ̀ òbí tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ọjọ́ kan ṣe gùn tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ìrìnsẹ̀. Fún Yorùbá tó ń gbé Peckham tàbí Manchester, kò dìgbà tí àrùn bá jà: nínú oṣù Kejìlá, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù oòrùn ti wọ̀, òtútù kò jẹ́ kí a jáde, ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ sì ń fi igi lu àjà nítorí ariwo ẹsẹ̀ ọmọ.

Ṣé lóòótọ́ ni ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ṣiṣẹ́, àbí ó kàn ń da nǹkan rú? Felix Warneken àti Michael Tomasello, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Leipzig nílẹ̀ Jámánì nígbà náà, dán an wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2006. Ọmọ oṣù 18 ni wọ́n lò, mẹ́rìnlélógún wọn. Àgbàlagbà kan tí kì í ṣe ẹbí ọmọ ń sá aṣọ sórí okùn, pẹ́ẹ̀gì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń nà sí i, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Kò ṣèlérí ẹ̀bùn kankan. Ọmọ á wò ó, á wo pẹ́ẹ̀gì, á sì ta gọ́gọ́gọ́ lọ mú un wá fún un. Nígbà mìíràn, ọkùnrin náà di ìwé mọ́ra, ó ń kọlu ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kò rí ọwọ́ fi ṣí i. Àwọn ọmọ kan lọ ṣí i fún un. Méjìlélógún nínú mẹ́rìnlélógún ló ṣèrànwọ́ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán. Ibi tó wọ̀ mí lára jù níbẹ̀ ni pé tí ọkùnrin náà bá mọ̀ọ́mọ̀ ju pẹ́ẹ̀gì nù, àwọn ọmọ náà kì í sábà kọbi ara sí i. Wọ́n mọ ẹni tí nǹkan já bọ́ mọ́ lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí kò fẹ́ nǹkan mọ́. Ọmọ tí a ní ó ń da ilé rú, ó ti wo ohun tí a fẹ́ ṣe kó tó na ọwọ́. Ìka rẹ̀ ni kò tíì gbọ́n tó ojú rẹ̀.

Ẹ wo ọmọ ogún oṣù nídìí omi. Ẹ bu omi díẹ̀ sínú abọ́ ìfọṣọ, kó má ga ju ìka méjì lọ, ẹ tẹ́ àkísà sábẹ́ rẹ̀, ẹ kó ife ike mẹ́ta àti ṣíbí méjì sí i, kí ẹ sì jókòó ti iṣẹ́ tiyín níbi tí ọwọ́ yín ti tó o. Yóò kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ lu omi, yóò wojú yín bóyá ẹ ó bú u. Tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, yóò mú ife, yóò rì í sómi, yóò gbé e sókè, yóò sì dà á lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá gbìyànjú àtida omi inú ife kan sínú èkejì. Ìdajì á dànù. Kò ní sọ̀rọ̀ mọ́, ètè á yọ síta, yóò tún un ṣe, yóò tún un ṣe. Nígbà tó bá fi máa dìgbà kẹjọ tàbí ìkẹwàá, ó ti rí i pé ife kékeré kò gba omi ife ńlá, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Láàárín àkókò yẹn, ẹ ti já tẹ̀tẹ̀ yín tán. Tẹ̀tẹ̀ náà fúnra rẹ̀ iṣẹ́ ni: ẹ fún un ní ẹ̀ka mẹ́ta àti abọ́ tirẹ̀. Yóò já ewé, yóò já igi mọ́ ọn, yóò tọ́ ọ wò, ojú á fà ro, yóò tutọ́ rẹ̀ dànù, yóò sì tún mú òmíràn. Ìbọ̀sẹ̀ tó gbẹ, kó wá èkejì rẹ̀. Àlùbọ́sà, kó máa gbé e lẹ́yọ lẹ́yọ láti inú agbọ̀n dé ibi tí ẹ wà. Àti iṣẹ́ rírán, èyí tí àwọn ìyá wa mọ̀ láìka ìwé kankan: "Bá mi mú bàtà bàbá wá." Ọ̀rọ̀ mẹ́fà tó gbọ́dọ̀ gbọ́ yé, ìrìn lọ, ìrìn bọ̀, ẹrù lọ́wọ́, oríkì tó gbà nígbà tó dé. Ẹ rán an bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀melòó kan lóòjọ́, wákàtí mẹ́ta tí Àjọ Ìlera ń wí á máa pé bọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé aago dání.

Àwọn kan á ní kí ni ti àkísà àti ife ike, nígbà tí ohun ìṣeré tó ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n kún ọjà, tó ń kọrin, tó ń tan iná. N kò bá ohun ìṣeré jà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe. Ní Yunifásítì Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio, Carly Dauch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọmọ 36 tí wọ́n wà láàárín oṣù 18 sí 30 jọ, wọ́n jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣeré nígbà kan pẹ̀lú ohun ìṣeré mẹ́rin, nígbà mìíràn pẹ̀lú mẹ́rìndínlógún. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 ni pé mẹ́rin ló dára jù: ọmọ pẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ta onírúurú ọgbọ́n sí i. Níbi tí mẹ́rìndínlógún wà, ó kàn ń ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì ni, bí ẹni tó wọ ọjà láìmọ ohun tó fẹ́ rà. Ilé tí àpótí ohun ìṣeré rẹ̀ kún dẹ́nu, ẹ kó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ sókè àjà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n bá padà sọ̀ kalẹ̀, tuntun ni wọ́n á jẹ́ lójú rẹ̀. Elinor Goldschmied, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ ní Ítálì àti nílé, ti mọ èyí tipẹ́: apẹ̀rẹ̀ ló gbé ka iwájú ọmọ tó ń jókòó, ṣíbí igi, búrọ́ọ̀ṣì àti kọ́kọ́rọ́ ló kó sí i, kò sì sí ike kankan níbẹ̀. Fún ọmọ ìrìnsẹ̀, agolo òfìfo, ìdérí àti ẹ̀wọ̀n ni. Agolo mílíìkì tí etí rẹ̀ kò mú àti pẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá, ẹ gbé e kalẹ̀ kí ẹ wo bí yóò ṣe máa sọ wọ́n sínú rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, tí yóò máa dẹ etí sí ìró rẹ̀, tí yóò wá da gbogbo rẹ̀ nù kó lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, Jàmáíkà ló ti wá. Ní ìlú Kingston, láti 1986 sí 1987, Sally Grantham-McGregor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣa ọmọ 129 tí àìjẹunre-kánú ti mú kúrú, ọmọ oṣù 9 sí 24. Fún ọdún méjì, òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ń lọ sílé apá kan nínú wọn fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, ó ń fi bí a ti ń bá ọmọ ṣeré han ìyá, ohun ìṣeré tí wọ́n fọwọ́ ṣe láti inú ohun tí à ń jù nù ló sì ń gbé dání. Ogún ọdún kọjá. Paul Gertler àti àwọn mìíràn lọ wá àwọn ọmọ náà kàn, wọ́n ti di àgbà, wọ́n ti ń gbowó iṣẹ́. Ìwádìí tó jáde ní 2014 fi hàn pé owó tó ń wọlé fún àwọn tí wọ́n ń bẹ̀ wò fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹgbẹ́ wọn tí wọn kò bẹ̀ wò. Ìgò ike kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Ìyá tó ti mọ bí a ti ń jókòó ti ọmọ nídìí ìgò ike ni òṣìṣẹ́ yẹn fi sílẹ̀ nígbà tó bá padà sílé, ìyá náà sì ń bẹ níbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́fà tó kù lọ́sẹ̀.

Fóònù wá ńkọ́? Ìyá tó gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n àwíjàre tó wọ́pọ̀ ni mo fẹ́ dá lóhùn, pé fóònù ń kọ́ ọmọ ní ABC àti orúkọ àwọ̀. Judy DeLoache àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé fídíò tí wọ́n ń tà láti fi kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ fún àwọn ọmọ oṣù 12 sí 18, wọ́n ń wò ó nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó wo fídíò kò mọ ọ̀rọ̀ ju àwọn tí kò wò ó rárá. Àwọn tó mọ̀ jù ni èyí tí òbí wọn kò fún ní fídíò kankan, tó kàn ń fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn bá wọn sọ̀rọ̀ láàárín iṣẹ́ òòjọ́. Ọdún 2010 ni èyí jáde. Ọdún méjì ṣáájú rẹ̀, Marie Evans Schmidt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọmọ 50 hàn wá tí wọ́n ń ṣeré nínú yàrá tí tẹlifíṣọ̀n ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ètò àgbàlagbà tí kò kàn wọ́n. Àwọn ọmọ náà kì í wò ó pẹ́, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ń fi ojú sí i. Síbẹ̀ eré wọn já, kò pẹ́ lórí ohun kan bí ìgbà tí wọ́n pa á. Nítorí náà tẹlifíṣọ̀n tí à ń tàn kí ilé má bàa dákẹ́, ó ń gba eré lọ́wọ́ ọmọ tí kò tilẹ̀ wò ó. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí wíwo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá fún ọmọ ọdún kan. Fún ọmọ ọdún méjì, kó má ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, kíkéré rẹ̀ ló sì sàn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà, nínú ìlànà wọn ti 2016, yọ ohun kan sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 18: kó máa rí ojú ẹbí lórí fóònù. Ìyá àgbà tó wà ní Ìbàdàn lè máa pàtẹ́wọ́ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní Houston láìdẹ́ṣẹ̀.

Bí ìyá bá tan katúùnù fún ogún ìṣẹ́jú kó lè wẹ̀, ayé kò bàjẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni ìdí tí fóònù fi ń wu ọmọ tó bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé fóònù ìṣeré tí a rà fún un kò lè tàn án jẹ. Àwòrán nìkan kọ́. Òun ni irinṣẹ́ tó ń rí lọ́wọ́ wa jù. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń lọ ata, ọlọ ló ń lọ bá. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń tẹ fóònù, fóònù ni yóò lọ bá, torí ó rò pé iṣẹ́ ilé ni. Iṣẹ́ tí à ń fi fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe kò sì ní ibi tí ọmọ lè fọwọ́ sí, kò rí omi, kò rí ewé, kò rí ohun tó ń kún tàbí tó ń tán. Bí a bá tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ gidi lórí rẹ̀, lójú rẹ̀ a kàn jókòó ni, a kò sì dá a lóhùn.

Ẹni tó bá ti gbálẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọdún méjì rí á ti máa rẹ́rìn-ín títí dé ibí: ilẹ̀ tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá á gba ogún, ìdọ̀tí tí a kó jọ á tún tú ká. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìṣẹ́jú tí à ń fi lé ọmọ kúrò náà mọ́ ọn, èyí tí à ń fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, èyí tí à ń fi nu ohun tó lọ dà sílẹ̀ nínú yàrá nígbà tí a lé e. Mi ò sì ní kó jẹ́ gbogbo iṣẹ́. Àkàrà dídín, ẹja yíyan, aṣọ lílọ̀, kò sí àyè ọmọ níbẹ̀. Ẹ mú iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò ní kánjú nínú, kí ẹ má sì retí pé kó parí wọn. Ọmọ tí a ti fún láyè nídìí iṣẹ́ fún ìdajì wákàtí sábà máa ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn náà, á máa bá ìdérí ìkòkò sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Tó bá ti wọ ibẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má ṣe pè é pé kó wá wo nǹkan, ẹ má sì tíì yìn ín.

Ti ewu ni kò ṣe é fojú di. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Kẹrosíìnì tí wọ́n rọ sínú ìgò mínírà, bílíìṣì tí wọ́n rọ sínú ìgò omi, sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ló ti gbé wọn mu, ìgò tí ọmọ mọ̀ mọ́ ohun dídùn ló sì tàn wọ́n. Kí wọ́n wà nínú ìgò tiwọn, lókè, nínú àtìpa. Òkè ara ọmọ ìrìnsẹ̀ wúwo ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Tó bá tẹ̀ sínú korobá, kò lè gbé ara rẹ̀ sókè, omi tí kò tó ìdajì korobá sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀ láìsí ariwo kankan. Ìdí nìyí tí mo fi ní ìka méjì, tí mo fi ní níbi tí ọwọ́ ti tó o, àti pé kí a da omi náà nù bí a bá fẹ́ dìde, bó jẹ́ ẹnu ọ̀nà ni a fẹ́ yọjú sí. Ẹ̀pà ń há ọmọ lọ́fun. Ẹyọ ẹ̀wà ń wọ imú, ó ń wú síbẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ inú rìmóòtù, tó bá gbé e mì, ń jó ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí díẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀. Gbogbo èyí kò wá bá èrò mi jà. Ọmọ tí a lé kúrò lọ́dọ̀ wa ló ń rí àyè dé ìdí ìgò kẹrosíìnì. Èyí tó ń já ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà.

Ẹlòmíràn á ní a fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọmọ ọ̀dọ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ rọrùn láti mọ̀: ọmọ ìrìnsẹ̀ lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tó bá wù ú, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí, oúnjẹ ilé kò sì dúró de ohun tó bá ṣe. Ọjọ́ tí a bá ti ń fi ipá mú un, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ohun tí mò ń sọ. Bàbá tó sì ní ọmọkùnrin òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgbálẹ̀, kó mú un lọ síbi tó ti ń fọ mọ́tò.

Ibì kan wà tí ìdáhùn mi kò dé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù láti ilé, tó ní ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà láti aago mẹ́wàá sí méjìlá, ife ike mẹ́ta kò lè gbà á sílẹ̀. Ẹnìkan ló nílò: ìyá àgbà, àbúrò, aládùúgbò tí wọ́n jọ ń pààrọ̀ ọjọ́, ilé ìtọ́jú ọmọ, tàbí bàbá ọmọ, tí a sábà máa ń gbàgbé láti kà mọ́ igba ojú yẹn. Ẹni kan ṣoṣo kò lè máa wo ọmọ ìrìnsẹ̀ fún wákàtí méjìlá lójoojúmọ́ kí inú má bí i. Obìnrin tó bá rí i pé òun ti ń jágbe mọ́ ọmọ láti òwúrọ̀, kì í ṣe eré tuntun ló yẹ kó máa wá. Ẹni tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún wákàtí kan kó fi sùn ni.

Ohun kan kù tí kò jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sórí bí ọjọ́ ṣe máa lọ. Ní Guadalajara ní Mexico, Lucía Alcalá, Barbara Rogoff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bi àwọn ìyá tí ọmọ wọn jẹ́ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ léèrè iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe nínú ilé, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2014. Nínú àwọn ìdílé tó ṣì di àṣà ìbílẹ̀ mú, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dìde ṣe iṣẹ́ ilé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Nínú àwọn ìdílé tó ti kàwé jù, tó sì ti pẹ́ nígboro, díẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá ló ń pín iṣẹ́. Ìwádìí kan kò lè sọ pé ohun báyìí ló fà á, ọ̀nà tí ìdílé méjèèjì fi yàtọ̀ síra pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wo ọmọ ọdún méjì tó di ìgbálẹ̀ mú, tó ń ké, tí ìyá rẹ̀ ń tú ìka rẹ̀ lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pé "Jọ̀wọ́, lọ wo katúùnù," mọ̀ pé kò ju ọdún mẹ́fà lọ tí ìyá kan náà yóò fi dúró láàárín pálọ̀ kan náà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, tí yóò máa pariwo orúkọ ọmọ tí kò gbé ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.